Ọjọ́ Tí Mo Bojú Kọjá Níwájú Ilé Bàbá Mi

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún èmi náà, màá ní kó lọ fomi tútù bọ́jú kó tó tún ẹnu là. Àmọ́ bó ṣe rí gan-an nìyí: èmi, ọmọ bíbí Bẹẹrẹ, tí wọ́n bí sínú agboolé wa, tí wọ́n sì ri ìwọ́ mi mọ́ ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀, mo fa fìlà oníwájú gbọọrọ bo ojú, mo wọ awò dúdú, mo tẹrí ba bí ẹni tó jí adìyẹ gbé, mo fẹ́ gba iwájú ilé bàbá mi kọjá kí ẹnikẹ́ni má dá mi mọ̀. Tọmọtọmọ ni mo sì wà.

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó lé mi débẹ̀.

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ àwọn ọmọ iléèwé ló dé. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta èmi àti ìyá wọn lọ́rẹ. Obìnrin ni ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ọkùnrin ni àbúrò, ọmọ ọdún méje, oníbéèrè. Bí ẹ bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́, á bi yín pé ta ló gbá a.

Ìyàwó mi wá ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń gbé ní Lẹ́kì l'Ékòó. Èèyàn dáadáa ni, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó ní adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ní ìsinmi tó ṣáájú, ó wá kó àwọn ọmọ lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, èyí ọkùnrin wọ pálọ̀ wa, ó wòtún wòsì, ó ní, "Dádì, ṣé ilé wa ti súnkì ni?" Èyí obìnrin ní tirẹ̀ ní wọ́n ti sọ fún òun l'Ékòó pé abúlé ńlá tí wọ́n fi páànù tó dípẹtà bò ni Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ páànù ló dùn mí jù. Gbogbo ìgbà tí wọn ò fi sí nílé, ilé dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ nígbà tí fíríìjì bá mí kanlẹ̀. N ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tún fi fóònù pè pé òun ń bọ̀ wá kó wọn láàárọ̀ Sátidé, mo ní rárá o, ìsinmi ilé là ń ṣe lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyàwó mi ní, "Ìsinmi ilé? Kí ni wọ́n á máa ṣe nílé, Dádì? Ṣé kí wọ́n máa wo ojú yín ni?"

"Màá mú wọn jáde."

"Lọ síbo?"

"Inú ìlú. Mápó. Ọjà'ba. Ṣé Ìbàdàn kéré ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Nígbà tó rí i pé mi ò bá òun rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní Jímọ̀ kan. Bí àwọn ọmọ bá gbádùn ìjáde náà, wọn ò lọ sí Èkó mọ́. Bí wọn ò bá gbádùn ẹ̀, kí èmi fúnra mi gbé báàgì wọn sínú mọ́tò àǹtí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n sì fẹyín sí i.

Mo ní mo gbà. Ọmọ Ìbàdàn kì í sá fún ìjà.

Mo ti to gbogbo rẹ̀ sórí. A ó kọ́kọ́ gun òkè Mápó lọ, kí wọ́n wo gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi máa ń mú mi lọ síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Á na ọwọ́ sáàárín àìmọye páànù pupa yẹn, á ní, "Wò ó, ìyẹn ni tiwa." Ohun tí mo fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ mi nìyẹn. Láti ibẹ̀ a ó sọ̀ sí Ọjà'ba, a ó jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, a ó wá yà sí Bẹyẹrunkà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ń rán bàtà, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń gé awọ. Ètò tó dáa ni, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Láti Bẹẹrẹ lọ sí Mápó, iwájú agboolé wa ni èèyàn ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ agboolé Ìbàdàn á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ ò lè kọjá kí ẹ má yà. Ẹ ò lè yà kí ẹ má jókòó. Ẹ ò lè jókòó kí ẹ má jẹun. Ẹ ò sì gbọdọ̀ kí yàrá kan kí ẹ fo ìkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjà tó máa bẹ́ sílẹ̀, àwọn tí wọn ò tíì bí ló máa bá wọn parí ẹ̀. Ìgbà tí mo yà níbẹ̀ kẹ́yìn, "ẹ káàárọ̀" ni mo fi wọlé, "ó dàárọ̀ o" ni mo fi jáde. Ọ̀nà ẹ̀yìn kan wà lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni agboolé àwọn ẹbí ìyá mi.

Ẹ ti wá rí ìdí fìlà àti awò dúdú báyìí.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí máíkírà ní Bẹẹrẹ, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹrù ojú mi, ọmọbìnrin mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Dádì, ṣé ọlọ́pàá ń wá yín ni?"

Mo ní, "Dákẹ́, máa rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá kí wa, ẹ dáhùn, ẹ má dúró."

Ìyáàlé wa ló wà níwájú ilé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló wẹ̀ mí nígbà tí mo wà ní ìkókó, òun náà sì ni olórí gbogbo ìyàwó ilé títí dòní. Orí àpótí ló jókòó sí, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo ti fi ìyẹn sínú ìṣirò mi. Mo gbé ẹsẹ̀, mo kọjá ọwọ̀n kìn-ín-ní. Mo kọjá ìkejì.

Ó gbé orí sókè. Kò wò mí lójú rárá, ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

"Ẹsẹ̀ wo nìyẹn?" Ó ju ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ ọkọ mi tó ti kú nìyẹn! Ta ló gbé e rìn kọjá lọ níbẹ̀ yẹn?" Bàbá mi ló ń wí.

Ẹ gbọ́, nígbà tí ọkàn èèyàn bá fò, ọgbọ́n á kọ́kọ́ sá lọ. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Mo rò pé bí mo bá yí ìrìn padà, á rò pé òun ṣì mí mú. Bóyá ì bá tiẹ̀ ṣiṣẹ́, bí kì í bá ṣe èyí ọkùnrin tó lọgun láàárín títì:

"Dádì! Kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀? Ẹsẹ̀ yín ò dùn yín nílé o!"

"Hàà!" Ìyáàlé wa ti dìde. "Akọ̀wé mi! Ìwọ lo bojú yìí? Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jáde o, eégún ilé wa ti jáde lójúmọmọ, ó tún kó ọmọ lẹ́yìn!"

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, iwájú ilé ti kún. Ọ̀kan ṣí fìlà lórí mi, èkejì gba awò dúdú, ó fi sójú ara rẹ̀, ó ń yan bí ìyàwó gómìnà. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. À ń kọjá lọ ni. Mápó là ń lọ."

"Ẹ ń kọjá lọ." Ìyáàlé wa mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gba inú ilé kọjá."

Bí wọ́n ṣe gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe èmi ní Akọ̀wé, nítorí pé ìwé ni mo ń kà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n yẹ àwọn ọmọ mi wò bí ẹni ń yan iṣu lọ́jà. Èyí obìnrin fẹyín, wọ́n ní "Eyínfúnjowó". Èyí ọkùnrin béèrè pé ṣé wọ́n ti kọ orúkọ yẹn sílẹ̀ níbì kan tẹ́lẹ̀ ni àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn án. Wọ́n pariwo pé "Lọ́yà!" Tirẹ̀ náà parí síbẹ̀.

Ìyàwó tó wọlé kẹ́yìn kò tíì pé ọdún nílé. Abúja ló dàgbà sí, báńkì ló ń ṣiṣẹ́, ó wà nínú ìsinmi ọlọ́dọọdún. Ṣòkòtò jíìnsì ló wọ̀ jáde, ó ń nu ọwọ́ tó fi ń fọ abọ́.

Ìyáàlé wa ní, "Ìyàwó, wá kí àwọn ọkọ ẹ."

Ó wo ẹ̀yìn àwọn ọmọ bóyá àwọn àgbàlagbà kan ń bọ̀. "Àwọn wo, mà?"

"Àwọn yìí náà ni. Ẹni tó bá ti wà láyé kí o tó wọ ilé yìí, tó bá ti jẹ́ ọmọ ilé, ọkọ ẹ ni, ì báà ṣe eyín wàrà ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. O ò gbọdọ̀ fi 'ìwọ' bá a sọ̀rọ̀."

Ọmọge báńkì kúnlẹ̀ tòun ti jíìnsì. "Ẹ káàárọ̀, sà," ó kí Lọ́yà. Ó yíjú sí Eyínfúnjowó. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Kò sí mà níbẹ̀!" ni gbogbo wọn lọgun. "Ọkọ ni tọkùnrin tobìnrin!"

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ọmọbìnrin mi dúró sójú kan. Mo mọ ọmọ mi. Mo rí i tí nǹkan ń yí lọ yí bọ̀ nínú orí rẹ̀. Ó fara balẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ìyáàlé pé, "Tí mo bá rán wọn níṣẹ́, wọ́n á lọ?"

"Á lọ."

"Tí mo bá ní kí wọ́n bá mi di irun?"

"Ìyẹn tiẹ̀ kéré."

Ojú rẹ̀ wá dà bí ojú ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù bisikíìtì. Adágún omi Lẹ́kì kò ní ìyàwó nínú.

"Ṣùgbọ́n o," ìyáàlé wa na ìka sókè, "ọkọ tí ò pọn omi kò ní jẹ èkuru. Kànga ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó, mú ọkọ ẹ lọ."

Nílé wa, bí a bá ti ṣí ẹ̀rọ, omi dé. Ní Abúja náà, bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, àti ọkọ àti ìyàwó, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ju garawa sí kànga. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fà á, omi inú rẹ̀ kò tó adìyẹ mu. Ìgbà kejì, wọ́n gbé e dé òkè tán, ìyàwó kígbe ayọ̀, ó dà á sórí ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n lè dìde. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo wo aago, mo ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Mápó." Adìyẹ kan ló wò mí.

Mo wá Lọ́yà lọ. Ó ń ti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bi ìyàwó kọ̀ọ̀kan pé ọjọ́ wo ló wọlé, kó lè mọ ẹni tí òun jù. Níbi tó ti ń ṣe ìwádìí ni àwọn méjì kan ti fà á wọ inú ẹjọ́. Okùn ìsáṣọ kan ṣoṣo ló wà lójúde, àwọn méjèèjì ló sì ń fọṣọ lójọ́ kan náà. Ìjà ọ̀hún ti pẹ́ nílẹ̀.

Èyí àkọ́kọ́ ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi bi í, ta ló kọ́kọ́ ta okùn?"

Èkejì ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi bi òun náà, ta ló ni òpó tí wọ́n so ó mọ́?"

Lọ́yà kẹ́sẹ̀ léra lórí àga, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Kí ló dé tí ẹ ò ta òmíràn?"

Ó jọ pé látọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò ronú débẹ̀. Ìjà yẹn ti dùn jù. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ẹ̀rín, wọ́n gbé e sókè, wọ́n ní ọkọ àwọn ti dájọ́. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín lọ nígbà tí mo rí i pé èmi ni gbogbo wọn ń wò.

Ìyáàlé wa ní, "Akọ̀wé mi, ọmọ ẹ ti sọ̀rọ̀. Ọjà'ba kò jìnnà."

Ẹ̀yin náà ẹ wo ayé. Èmi tí mo fẹ́ mú ọmọ lọ sí Ọjà'ba, ọmọ ló rán mi lọ. Mo ra okùn. Mo wá ro ó pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹ jẹ́ kí Mápó má rò pé mo tan òun. Mo gùn ún lọ lémi nìkan, okùn wà léjìká mi. Mo dúró síwájú gbọ̀ngàn níbi tí bàbá mi máa ń dúró sí, mo wo ìlú. Páànù pupa rẹrẹẹrẹ. Mo wá ilé wa, mo wá a, n ò rí i. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé bàbá mi náà ò rí i rí. Èyí tó bá wù ú ló ń nàka sí. Mo mí kanlẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń ya fọ́tò fún àwọn àlejò rọra ń sún mọ́ mi. Ó wo okùn, ó wo ojú mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́."

"Kí la fẹ́ sọ?"

"Gbèsè ni? Ìyàwó ni? Kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè ṣe, Bọ̀ọ̀dá mi."

Mo ní, "Okùn ìsáṣọ ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń wí." Ó ti di okùn mú.

Ó tó bí ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ ẹyọ ọsàn kan kí n tó gba okùn mi lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbà kí n lọ títí mo fi gbà pé kó ya mí ní fọ́tò tí mo ti ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò náà wà nílé. Ẹ̀rín inú rẹ̀ kò dáa.

Nígbà tí mo padà dé agboolé, àwọn ọmọ ti jẹ èkuru, wọ́n ti jẹ àádùn, ìyàwó ti di ìlàjì irun Eyínfúnjowó, Eyínfúnjowó náà ti di ìlàjì irun ìyàwó. Kò sí ẹni tó bi mí pé níbo ni mo lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí wọn fà jáde, pẹ̀lú ẹkún.

Ìyàwó mi ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ara ọmọ, ó wo irun tí wọ́n dì dé ìlàjì. "Ẹ̀yin ọmọ, báwo ni Mápó?"

Lọ́yà ní, "Kí ló ń jẹ́ Mápó?"

Ìyàwó mi yíjú sí mi, ẹ̀rín ti ń bọ̀ lójú rẹ̀. Àmọ́ ọmọbìnrin mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, a ò lọ sí Lẹ́kì mọ́ o. Láéláé."

Ẹ ò rí ijó tí mo jó ní pálọ̀. Mo jó dé ìdí fíríìjì, mo lù ú pẹ́pẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo rí báàgì àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí lèyí? Ọmọbìnrin mi ní Bẹẹrẹ làwọn ń lọ títí iléèwé á fi wọlé. "Ìyàwó mi ń dúró dè mí, Dádì. Irun wa ò tíì tán." Bí mo ṣe ń wá ọ̀rọ̀ sọ, mọ́tò ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fọn fèrè níta. Wọ́n rò fún un. Ó ní kò burú, òun á já wọn sí Bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n òun ò ní wa mọ́tò òfìfo padà sí Èkó.

Ìyàwó mi wá ní, "Ṣé Bẹẹrẹ ni àwọn ọmọ yìí máa wà? Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyáàlé á ti pè mí: 'Ìyàwó, wá bá ìyàwó tuntun gúnyán fún àwọn ọkọ ẹ̀.' Èmi tí mo bí wọn! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣí bọ́ọ̀tù, èmi ló ń bá yín lọ sí Èkó." Kò tó ìṣẹ́jú tí báàgì tirẹ̀ fi jáde. Mo ṣe bí àdéhùn: èmi fúnra mi ló gbé gbogbo báàgì sínú mọ́tò, mo sì fẹyín.

Nígbà tí eruku wọn rọlẹ̀, mo padà wọlé. Fíríìjì mí kanlẹ̀. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ló wá ń ṣe ìsinmi ilé.

Mo ṣí ìkòkò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ebi gún mi nídìí. Mo wọ máíkírà lọ sí Bẹẹrẹ. N ò dé fìlà, n ò wọ awò. Mo rọra gba iwájú agboolé wa kọjá, mo ń gbé ẹsẹ̀ bàbá mi sókè bó ṣe yẹ kó lọ, kí ẹni tó bá fẹ́ rí i lè rí i. Ìyáàlé wa wà lórí àpótí rẹ̀. Eyínfúnjowó jókòó síwájú ìyàwó rẹ̀, ó ń ṣe irun. Lọ́yà ń jẹ àkàrà. Òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹnikẹ́ni ò pè mí.

Mo kọjá ilé, mo dé kọ̀rọ̀, mo yí padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo wúkọ́. Mo tún kí ẹnì kan tí n ò mọ̀ rí ní òdìkejì títì, mo kí i sókè. Síbẹ̀, wọn ò pè mí. Ìgbà kẹta, mo dúró gbagidi níwájú ọwọ̀n, mo ń wo ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

Ìyáàlé wa kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà tó ń ṣà.

Ó ní, "A ti rí ọ látìgbà tí o kọ́kọ́ kọjá, Akọ̀wé mi. A ṣebí Mápó lo ń lọ."